Aṣọ ẹbí ni, kì í ṣe "aso ebi"

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa ní Toronto, ọ̀rọ̀ tòní kan ìwé ìpè òde wa. "Aso ebi" ni a máa ń tẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kà á sókè:

aṣọ (re re): ohun tí a ń wọ̀
asọ̀ (re do): ìjà ẹnu
ẹbí (re mi): àwọn tí a jọ tan
ebi (re re): ohun tó ń pa yín kí oúnjẹ tó délẹ̀
ẹ̀bi (do re): ohun tó wà lórí ẹni tó ṣẹ̀

Ṣé ẹ rí i? Bí a bá yọ àmì kúrò, aṣọ ẹbí lè di aṣọ ebi, ó tiẹ̀ lè di asọ̀ ebi. Ta ló fẹ́ fowó ra ìyẹn?

"Bí" ló wà nídìí ẹbí: àwọn tí ìbí so pọ̀. Aṣọ tí ẹbí olóde jọ ń wọ̀ ni, kí àlejò lè dá wọn mọ̀. Lónìí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ náà ń rà á, nítorí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti di ẹbí lọ́jọ́ náà.

Àwọn òbí kan á ní, "Ó ṣáà yé wa bẹ́ẹ̀." Ó yé ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn. Ọmọ tí a bí sí Scarborough ńkọ́? Ohun tó bá rí nínú ìwé ló máa pè.

Àwọn mìíràn á ní àmì ń yọ atẹ̀wé lẹ́nu. Irọ́ ni! Ẹ wo páálí mílíìkì tó wà nílé yín: "lait écrémé" ni wọ́n kọ sí i, àmì mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní Kánádà yìí, Faransé kì í jáde níhòòhò. Kí ló dé tí Yorùbá á fi jáde bẹ́ẹ̀? Láti 1875 ni wọ́n ti ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Àmì Yorùbá sì ti wà lórí fóònù báyìí.

Iṣẹ́ ilé: ẹ kọ aṣọ ẹbí nígbà márùn-ún, ọ̀rọ̀ méjì, pẹ̀lú àmì. Ẹ pè é: re re, re mi. Bí ìwé ìpè bá tún délé láìlámìí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi bírò fi àmì sí i, kí ẹ fi han Dádì àti Mọ́mì.

Ó dàbọ̀ o.