Ta Ló Pín Ẹran Yìí?

Ẹ ti rí fídíò yẹn. Ẹnì kan á wé gèlè, á ṣe bí ìyá, á gbé àwo ẹ̀bà síwájú ọmọ, á fi ẹran tó kéré bí èékánná sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wá kìlọ̀ pé, "Mi ò gbọ́dọ̀ rí i kóo fọwọ́ kan ẹran yẹn kí òkèlè tó tán!" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí wọn ò ṣe é fún nínú wa. Ibi tí ẹ̀rín náà ti ń kan ni ibi tí wọ́n ti máa ń fi kún un pé, "Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ó sì ṣe wá láǹfààní. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò lẹ́kọ̀ọ́."

Àǹfààní wo? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ ọ́. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín ẹran. Bàbá á gba itan, á gba iwe adìyẹ. Bí iwe bá ṣèèṣì bọ́ sínú àwo ẹlòmíì, ọ̀ràn dé. Ẹ̀gbọ́n àgbà á tẹ̀ lé e. Wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún méjì, ẹni tó jẹ́ pé omi ọbẹ̀ ló kàn án, omi tí ẹran kàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyá tó se ọbẹ̀ ńkọ́? Bó bá ṣẹ́kù. Ẹni tí ara rẹ̀ nílò rẹ̀ jù là ń fún ní èyí tó kéré jù, a wá sọ ọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, torí àwa tí à ń fi fóònù ka kálórì kiri yìí, ó yẹ ká lè ka ti ọmọ ilé wa náà. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ọkùnrin tó wọn 70 kílò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò le jù, nílò nǹkan bíi 2,500 kálórì lójúmọ́. Obìnrin, nǹkan bíi 2,000. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó wọn 14 kílò nílò nǹkan bíi 1,100. Ẹnì kan á ní, "Ẹ ò rí i, bàbá ló yẹ kó jẹ jù." Lápapọ̀, òótọ́ ni. Ẹ wá pín in sí kílò kọ̀ọ̀kan. Ti bàbá kò ju 36 lọ fún kílò kan. Ti ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Ara ọmọ kì í sinmi. Ọpọlọ rẹ̀ nìkan ń jẹ ìpín ńlá nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó sì tún ń kọ́ ilé lórí gbogbo ìyẹn: egungun, ẹ̀jẹ̀, iṣan. Bàbá ti kọ́ ilé tiẹ̀ tán, àtúnṣe ló kù tó ń ṣe.

Purotéènì ni búlọ́ọ̀kù ilé yẹn. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò nǹkan bíi gíráàmù 13 lójúmọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, nǹkan bíi 19. Bàbá wa tó wọn 70 kílò nílò 56. Tí a bá tún pín in sí kílò, ti ọmọ ju ti bàbá lọ. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, ìyẹn ni pé ẹyin méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí gbogbo ohun tí ọmọ ọdún méjì ń wá lójúmọ́. Ṣùgbọ́n gààrí? Gààrí gbígbẹ 100 gíráàmù ní nǹkan bíi 350 kálórì, purotéènì inú rẹ̀ kò sì ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ. Ọmọ lè yó bámúbámú lórí ẹ̀bà, kí inú rẹ̀ yọ síta, kó sùn dáadáa, kó má sì rí búlọ́ọ̀kù kan gbé lé orí èkejì.

Ibí yìí gan-an la ti rí ìwà ìkà tó wà nínú òfin "ẹran gbẹ̀yìn" yẹn. Ikùn ọmọ kéré. Nǹkan díẹ̀ ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan, torí náà ó yẹ kí ohun tó dáa jù kọ́kọ́ wọlé. Àwa ní kó kọ́kọ́ fi òkèlè dí i. Ìgbà tí òkèlè bá fi máa tán, ó ti yó, oorun ti ń kùn ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì bá a ran ẹran náà lọ́wọ́.

Wọ́n á ní ká má ba ọmọ lẹ́nu jẹ́. Ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹran tàbí ẹyin, olè ló máa yà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé a ò bi í léèrè mọ́. Bí ẹyin bá ń sọ ọmọ di olè, ṣebí ó yẹ kí gbogbo àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ ti dàgbà sínú ọgbà adìyẹ ni? Ta ló ń yọ́ lọ ṣí ìkòkò lóru? Ṣé ọmọ tí wọ́n fún ní ẹran ni, àbí ọmọ tó ń wò ó lẹ́nu ẹlòmíì lójoojúmọ́? Àwa la dá ebi ẹran sí ọmọ lára, tó bá wá wá a lọ, a ní Èṣù ló ń tì í.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún wa. Ní 1933, dókítà kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń bá àwọn ọmọ tó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn á wú, irun wọn á pọ́n, ara wọn á máa bó. Ní 1935 ó pè é ní orúkọ tí àwọn Gã ń pè é, kwashiorkor. Orúkọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n já a lẹ́nu ọmú, wọ́n sì gbé ògì fún un. Àwọn ìyá Gã ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí dókítà tó dé.

Ẹ wo ògì náà dáadáa. A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ. Èèrí tí a sẹ́ kúrò gbé purotéènì àti fítámì tó pọ̀ lọ. Èèrí yẹn, ewúrẹ́ là ń gbé e fún. A wá po ohun tó kù mọ́ omi, a fi ṣúgà sí i, a sì ń fi ṣíbí bù ú sí ọmọ lẹ́nu. Nínú àgbàlá kan náà, ewúrẹ́ jẹ ju ọmọ lọ! Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, FIIRO, ti ṣe ògì tí wọ́n fi sóyà sí láti tún èyí ṣe. Kò sí ohun tó sọ pé ilé iṣẹ́ nìkan ló lè ṣe é: ẹni tó bá fẹ́ lọ àgbàdo lè da sóyà tàbí ẹ̀pà mọ́ ọn. Bí kò bá sí èyí, edé gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná wà, ẹyin tí wọ́n pò mọ́ ògì gbígbóná wà.

Nílé wa níbí náà, ní àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà sì ń wà. Bí ìlà bá ń gòkè, ó dáa. Bó bá dúró gbọnin, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí i. Káàdì tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò ní ìlú kékeré wa yẹn ni wọ́n gbé káàkiri àgbáyé. Ẹni tó bá ní ilé ìwòsàn òyìnbó kan ni òun ti kọ́kọ́ rí i, ẹ sọ fún un pé láti Ìjẹ̀ṣà ló ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé, "A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì dàgbà," a gbọ́. Ẹni tó bá dàgbà ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò dàgbà kò sí níbí láti dá wa lóhùn. Nínú àwọn tó dàgbà pàápàá, ta ló mọ bí ì bá ti ga tó? Ìwádìí ètò ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 rí i pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. A ò ní ẹran nìkan ló fà á. Omi ìdọ̀tí wà níbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀, oyún tí ìyá kò rí jẹun tó nígbà tó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó bá bàjẹ́ láti inú oyún títí di ọmọ ọdún méjì kì í ṣe ohun tí a lè fi ìrẹsì àti adìyẹ ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tún ṣe.

Owó ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyí, a kì í ṣe ará ọ̀run. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, ẹran ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Ẹyin gòkè, ẹ̀wà pàápàá gòkè. Ṣùgbọ́n ìjà wa kì í ṣe lórí bí ẹran ṣe pọ̀ tó nínú ìkòkò. Lórí ẹni tó kọ́kọ́ ń débẹ̀ ni. Bí ẹran bá jẹ́ mẹ́ta péré, ta ló kàn? Ìlé tí kò lówó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí níbẹ̀, ibi tí ẹyọ ẹran kan bá wọlé sí ṣe pàtàkì.

Kì í sì í ṣe ẹran nìkan. Ohun tó ń dùn wá ni àwọn tó ń sọ kiri pé oúnjẹ Yorùbá kò ní nǹkan nínú ju òkèlè lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ̀wà sísè 100 gíráàmù ní nǹkan bíi gíráàmù 8 purotéènì. Purotéènì ẹ̀wà ní ohun kan tí kò pọ̀ tó nínú rẹ̀, àgbàdo sì ní i. Èyí tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ti ń sè láti ọjọ́ tó ti pẹ́: àdàlú, àkàrà àti ògì, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Gbẹ̀gìrì tí à ń bù sórí àmàlà, ẹ̀wà ni. Ẹ̀pà wà, egúsí wà, wàrà wà, ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ tegungun tegungun wà. Pọ̀nmọ́ nìkan la fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Purotéènì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pé; ẹ jẹ ẹ́ fún adùn ẹnu, ẹ má fi ìdàgbà ọmọ kọ́ ọ lọ́rùn. (A mọ̀ pé a ti dá ìjà sílẹ̀.)

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò nǹkan bíi 500 kálórì kún ti tẹ́lẹ̀ lójúmọ́. Òun náà la fi sí ìdí ìlà, tí gbogbo wa á sì máa yìn ín pé ó ní ìfaradà.

Ọ̀wọ̀ àgbà kò sí nínú iwe adìyẹ. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀, á kúnlẹ̀, á bu omi ìfọwọ́ fún bàbá, á sì tún jẹ ẹran. Wọ́n á ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. A mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ẹran lọ sórí pẹpẹ?

Àwa la ń fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́ sílé báyìí, àwa náà la ti ń di ìyá, tí a ti ń di bàbá. Bó bá di alẹ́ òní, kí ẹni tó ń pín ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ tó kéré jù, kó já ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó jẹ́ kó jẹ ẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe bà á. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹni tó lóyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Bàbá á gba tiẹ̀, kò ní kú. Tí ẹ bá sì dé òde ní Sátidé, tí ẹ rí i tí wọ́n ń bu ìrẹsì lásán sínú ike fún "àwọn ọmọ," ẹ pe alásè, kí ẹ béèrè ẹran. Bó bá ní ti àwọn àgbà ló kù, ẹ gbé tiyín lé e.