Gẹ́ẹ́sì Pàápàá Ń Fẹ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwa kò gbọdọ̀ dákẹ́ sí. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ pinnu pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ́ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ wọn, nítorí pé ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò. Àwa wí pé Gẹ́ẹ́sì gan-an ni ìpinnu yìí yóò bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo dán an wò: ipò ọ̀rọ̀-àpọ́nlé nínú gbólóhùn Gẹ́ẹ́sì. Ọmọ a kọ “He ate quickly the food”. Olùkọ́ a fi kálàmù pupa fa ilà sí i, kò ní sọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdí náà wà lẹ́nu ọmọ láti ilé! Ọmọ Ọ̀tọ̀ wo ni yóò wí pé, “Ó jẹ kíákíá oúnjẹ”? “Ó jẹ oúnjẹ kíákíá” ni yóò wí. Òfin kan náà ni: a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la àárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni “sábà” ń ṣáájú nínú “Ó sábà máa ń jẹ iṣu”, bí “often” ti ń ṣáájú nínú “He often eats yam”. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni kí olùkọ́ wá tẹnu mọ́: “often” a máa tẹ̀lé “is”, bí i “He is often late”, “quickly” lè ṣáájú “ate”, ṣùgbọ́n “kíákíá” kò lè ṣáájú “jẹ”. Ẹni tí ó mọ tirẹ̀ ni í tètè rí ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ Ègùn, kí a fi Ègùn hàn án.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1970 Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ́ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ́ẹ́sì rárá.

Ní Ọ̀tọ̀ níhìn-ín, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ ọ́: kí ẹnikẹ́ni má gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ Gẹ́ẹ́sì láìmọ gírámà Yorùbá. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.