Ẹ Má Fi Ìwọ̀n Ara Dá Ọmọnìkejì Yín Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́ ní ìdí wàlímà, ní ìsọ̀, àti ní ibi tí a ti ń dúró de ìrun, tí ó sì yẹ kí a bá ara wa sọ láìfi bò. Bí ẹni tí ó sanra bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó tó kí wa tán ni a ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹnìkan á ní, "Wọ̀bìà ni." Ẹlòmíràn á ní, "Owó ń bẹ níbẹ̀, ó rí jẹ." Ìdájọ́ méjèèjì ni mo takò lónìí.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Itọ́ ẹnu wa, èyí tí a ń tu dànù láìkà á sí nǹkan, ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ara sísanjù. Ohùn wọn kò sì tíì ṣọ̀kan di òní olónìí. Bí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ bá ṣì ń wádìí, báwo ni ẹni tí ó ní ojú lásán ṣe ti parí ẹjọ́?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé wa. Kò sí ìyá ọlọ́mọ tí kò mọ̀ pé bí ènìyàn bá ń fi ṣíbí mu ẹ̀kọ gbígbóná, tí ó ń ti ẹnu bọ ṣíbí náà padà sínú abọ́, ẹ̀kọ tí ó ki tẹ́lẹ̀ yóò ṣomi kí ó tó tán. Bákan náà, bí ẹ bá jẹ búrẹ́dì tí ẹ sì rún un pẹ́ lẹ́nu kí ẹ tó gbé e mì, ẹ ó rí i pé adùn ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan náà ni ó ṣe méjèèjì.

Ohun náà nìyí. Inú iṣu, gaàrí, àgbàdo, ìrẹsì àti búrẹ́dì ni sítáàṣì wà, irú èyí tí àwọn alágbàfọ̀ ń ti ara ẹ̀gẹ́ yọ láti mú aṣọ le. Sítáàṣì dà bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí a fi ṣúgà wẹ́wẹ́ so mọ́ra. Èròjà kan sì wà nínú itọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ amíléèsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti já ẹ̀wọ̀n náà sí kéékèèké. Láti ọdún 1831 ni ará Jámánì kan, Erhard Friedrich Leuchs, ti kọ ọ́ pé itọ́ ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ní ọdún 1833, àwọn ará Faransé méjì, Anselme Payen àti Jean-François Persoz, yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ láti ara ọkà báálì tí ó ti hù.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ itọ́ kò pẹ́ lẹ́nu, pàápàá lọ́dọ̀ àwa tí a ń gbé òkèlè mì láìrún un. Bí oúnjẹ bá dé ikùn, omi kíkan tí ó wà níbẹ̀ a máa pa agbára amíléèsì, àyàfi èyí tí ó sá pamọ́ sí àárín òkèlè, tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ títí omi kíkan náà yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yà ara kan tí ó sinmi sẹ́yìn ikùn a máa da amíléèsì tirẹ̀ sínú ìfun kékeré, ibẹ̀ ni ó sì ti ń parí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ó wúlò níwájú.

Nísinsìnyí, ìka kò dọ́gba. Àṣẹ tí ara fi ń ṣe amíléèsì inú itọ́ wà nínú ohun àjogúnbá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní jíìnì, èyí tí wọ́n sì sọ ní AMY1. Ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ni a ti ń jogún rẹ̀, iye ẹ̀dà rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ara ènìyàn kan sí èkejì. Ẹnìkan lè ní ẹ̀dà 2, ẹlòmíràn lè ní tó 15. Ẹni tí ẹ̀dà tirẹ̀ bá pọ̀, amíléèsì a sábà pọ̀ nínú itọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀ aránṣọ tí ó ní ẹ̀rọ 12 ti ń rán aṣọ ju èyí tí ó ní ẹ̀rọ 2 lọ.

Ní ọdún 2007, George Perry, Nathaniel Dominy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé oúnjẹ àwọn baba ńlá ẹni ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹ̀yà tí sítáàṣì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, bíi àwọn ará Jàpáàn àti àwọn Hadza ilẹ̀ Tanzania tí ń wa iṣu igbó jẹ, sábà ní ẹ̀dà púpọ̀ ju àwọn tí kò gbára lé sítáàṣì, bíi àwọn Datog tí ń da ẹran ní ilẹ̀ Tanzania kan náà.

Ní ọdún 2012, Abigail Mandel àti Paul Breslin, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ènìyàn díẹ̀ ní sítáàṣì jẹ, wọ́n sì wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá rò pé ẹni tí amíléèsì rẹ̀ pọ̀ ni ṣúgà yóò gun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jù. Òdìkejì ni wọ́n rí! Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò ga tó ti èkejì, ó sì dà bí ẹni pé adùn tí ó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ni ó ta ara lólobó kí ó tètè tọ́jú ínsúlíìnì, èyí tí ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ṣúgà tààrà, tí kò sí sítáàṣì fún itọ́ láti já, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́.

Ọdún 2014 ni ariwo wá ta. Mario Falchi, Tim Spector, Philippe Froguel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí àwọn kan nínú wọn wà ní Imperial College àti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ pé ẹni tí ẹ̀dà AMY1 rẹ̀ kò tó 4, ewu ara sísanjù tirẹ̀ tó ìlọ́po 8 ti ẹni tí tirẹ̀ ju 9 lọ. Ará ilẹ̀ Swídìnì, Bìrìtìkó àti Faransé ni wọ́n yẹ̀ wò, pẹ̀lú àwọn Ṣáínà tí ń gbé Singapore. Ìlọ́po 8! Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá ní kí gbogbo ẹni tí ó sanra lọ fi ẹ̀sùn kan itọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2015, Christina Usher, Steven McCarroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi ọ̀nà tí ó péye jù ka ẹ̀dà náà, lára àwọn ènìyàn bíi 3,500 tí ó jẹ́ ìran Yúróòpù. Wọn kò rí ìsopọ̀ kankan láàárín iye ẹ̀dà àti ara sísanjù. Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti wá a lọ́nà tiwọn. Àwọn kan rí i, àwọn kan kò rí i. Ẹ kò sì gbàgbé ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: bí itọ́ kò bá tilẹ̀ ṣe tó, ìfun ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò parí iṣẹ́.

Kí ni èyí kọ́ wa? Èkíní, pé ara ènìyàn kì í ṣe ìwé tí ẹni tí ń kọjá lọ lè kà. Àwọn méjì lè jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, kí ara èkíní gbà á bẹ́ẹ̀, kí ti èkejì gbà á lọ́nà mìíràn. Ẹ̀sìn wa kọ àpọ̀jù nínú jíjẹ àti mímu, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń fi èkíní bá ọmọnìkejì rẹ̀ wí, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe èkejì, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó gbà.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi itọ́ bojú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láti ọdún 1990 títí di 2022, ara sísanjù láàárín àwọn àgbàlagbà ti ju ìlọ́po 2 lọ, tí ó fi jẹ́ pé ní 2022 ẹnìkan nínú ènìyàn 8 láyé ni ó kàn. Jíìnì ìran ènìyàn kò lè yí padà láàárín ọdún díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni oúnjẹ wa àti ìjókòó wa. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò ní sítáàṣì nínú, ṣúgà pọ́ńbélé ni, kò sí ohun tí ó kan amíléèsì níbẹ̀. Òróró tí a fi dín dòdò kò kàn án pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹsẹ̀ yín ń fẹ́ iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, mo bá ẹ̀yin pàràkòyí sọ̀rọ̀ ní pàtàkì. Iye ẹ̀dà tí Ọlọ́run fi dá ènìyàn, òun náà ni yóò bá a lọ. Kò sí àgbo, kò sí tíì, kò sí oògùn inú igò tí ó lè fi ẹyọ kan kún un. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ wá kí ẹ bá a tà á, ẹ dá a padà. Owó tí a fi irọ́ pa lára ẹni tí ìtìjú ara rẹ̀ ti mú, owó tí kò ní ìbùkún ni.

Àwọn baba wa ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìsanra kì í ṣe ẹ̀rí ọrọ̀, nítorí pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa tètè bá ẹni tí ó sanra jù. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń lò kò le: kí a mú ìwọ̀n ara ní kìlógíráàmù, kí a fi ìwọ̀n gígùn ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá di 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ti sanjù nìyẹn. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.65 yóò kan ààlà náà ní nǹkan bí kìlógíráàmù 82. Kí ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lọ rí dókítà, kí ó sì ní kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun.

Kí a dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i, kí a sì máa rìn. Ní oṣù àwẹ̀, kò wọ̀ pé kí a fi ebi panu láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kí a tún wá fi ìṣínu gba ẹ̀san lára oúnjẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ bá tún rí ẹni tí ó sanra tí ó ń bọ̀, ẹ kí i, ẹ bèèrè àlàáfíà rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó dá itọ́ sí ẹnu ni ó mọ ohun tí ó fi sínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ìlera. Àmín.