Ẹ Bi Irin Léèrè Ibi Tó Ti Wá

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò! Ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ra irin àlòkù, pàápàá irin wúwo tí a ń pè ní kásìtì.

Iṣẹ́ náà dára, ó sì ń bọ́ ilé púpọ̀. Ara bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ti kú, dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ àti ara ẹ̀rọ ìlọta ni a ti ń rí kásìtì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ gbẹ́ epo inú rẹ̀ kúrò, a sì ṣa bàbà àti idẹ sọ́tọ̀, nítorí owó wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òòlù ńlá fọ́ ọ, kí ó lè wọ iná àwọn tí ń yọ́ irin. Kí ó bo ojú rẹ̀ o, nítorí àfọ́kù kásìtì a máa ta bí ọta ìbọn. Sìlíńdà gáàsì tí a dí lẹ́nu, kí ó má fi òòlù kàn án rárá.

Ohun tó mú wa sọ̀rọ̀ nìyí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n bá irin ojú ọ̀nà rélùwéè àti ọmọrí gọ́tà nínú ẹrù ọ̀kan nínú wa. Nígbà tí a dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun rò pé kásìtì lásán ni. Àwáwí náà kò wọ̀ wá létí. Èédú inú kásìtì tó 2 sí 4 nínú 100; ìdí nìyẹn tí òòlù fi ń fọ́ ọ, tí kì í tẹ̀. Ti irin rélùwéè kò tó 1 nínú 100, kì í sì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ń lu irin lójoojúmọ́ mọ ìyàtọ̀. Ọmọrí gọ́tà jẹ́ kásìtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni gọ́tà ń ta ọmọrí rẹ̀? Ọmọ tó bá já sí ihò náà lóru ńkọ́?

Ojú irin Èkó sí Kánò, tó parí ní 1912, ló gbé ọ̀pọ̀ baba wa wá láti Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin. Kò yẹ kí ọmọ wọn bá olè pín owó rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣẹ̀ níbí, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. “Yarabawa” ni wọ́n ń wí, ìtìjú náà sì kan gbogbo wa. Àwọn àgbà ní ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ra irin lóru, ẹ má rà á lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó tà á àti ibi tó ti rí i sínú ìwé kí irin tó dé orí ìwọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó mú ìwé wá bá wa ní ilé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè; a ó bá a kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí Ọlọ́run bù sí òógùn wa. Àmín.