Ẹni Tí Ó Mọ Ìgbà Yíyípadà

Àwọn baba wa a máa wí pé àgbà kì í sáré inú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Wélìsì, mo rí àwọn àgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń sáré gun òkè olókùúta, tí wọn kò lé ohunkóhun, tí ohunkóhun kò sì lé wọn. Ìdárayá ni wọ́n fi ń ṣe. Ọ̀rọ̀ eré náà ni a ó sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó dá aáwọ̀ sílẹ̀ nínú ilé mi, mo sì gbà pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ilé mìíràn.

Òkè tí mo ń wí ni Yr Wyddfa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,085. Kò sí òkè tí ó ga tó o ní gbogbo Wélìsì. Ní 1951 ni ìjọba ya òun àti ilẹ̀ púpọ̀ tí ó yí i ká sọ́tọ̀, kí a má bàa bà á jẹ́. Eryri ni orúkọ ilẹ̀ náà. Ní 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré ìje láti ìlú Llanberis dé ṣóńṣó òkè náà, tí wọ́n sì sá a padà.

Èmi àti àbúrò ìyàwó mi kò bá ti ìje lọ ní tiwa. Adágún omi Glaslyn ni a fẹ́ sáré dé. Ó wà ní nǹkan bí mítà 600 sókè, lábẹ́ ṣóńṣó òkè gan-an. Àwọ̀ rẹ̀ jọ aró, ó sì jọ ewé. Bàbà inú òkúta ibẹ̀ ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Wélìsì a máa pa á ní ìtàn pé ẹranko búburú kan, Afanc, a máa mú kí odò Conwy kún bo oko àwọn ènìyàn, títí wọ́n fi fi ẹ̀wọ̀n dè é, tí akọ màlúù méjì sì wọ́ ọ lọ sínú Glaslyn.

Láti Pen-y-Pass ni a ti gbéra, ní ọ̀nà tí àwọn awabàbà ń tọ̀ láyé àtijọ́. A kọjá àwókù ilé tí wọ́n ń sùn, a sì dé adágún Llydaw, níbi tí wọ́n kó òkúta jọ ní 1853 láti fi la ọ̀nà kọjá lórí omi. Níbẹ̀ ni kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n. Àbúrò mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, ti dúró dè mí. Ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó wọ̀. Ó ti fi ẹ̀wù òjò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ dúró síhìn-ín, kí n sáré débẹ̀, kí n sì padà wá bá yín.”

Mo ní rárá. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó yí padà. Kí a tó rìn jìnnà, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bọ́ ẹ̀wù mi fún un, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè de bọ́tìnnì. Èmi ni mo dè é fún un bí ọmọdé.

Nígbà tí a délé, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi náà ní mo ti dójú ti àbúrò òun. Ní ọjọ́ kẹta ni ó fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi: àgbà ni mí, n kò sì wo ohun tí ó gbé dání kí a tó gbéra.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sá eré òkè, ẹ wo àpò rẹ̀: ẹ̀wù òjò, fìlà, oúnjẹ, tọ́ọ̀ṣì, àwòrán ilẹ̀ àti fèrè. Bí a ti ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, ara tí ó ti làágùn kì í sì í pẹ́ tutù bí ó bá dúró. Bí ewu bá dé, kí ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàrin ìṣẹ́jú kan, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ó sì tún fun ún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélìsì, 999 ni nọ́ńbà tí a ń pè. Kí ó béèrè fún ọlọ́pàá, kí ó sì sọ fún wọn pé àwọn agbanilà orí òkè ni òun ń fẹ́. Àwọn wọ̀nyí kì í gba owó iṣẹ́. Wọ́n ń fi ibùsùn wọn sílẹ̀ láàrin òru nítorí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Glaslyn kò lọ síbì kan. A ti dá ọjọ́ mìíràn, àbúrò mi sì ti di ẹ̀wù òjò méjì sínú àpò rẹ̀; ó ní ìkejì jẹ́ tèmi.