Ẹ Má Fi Epo Igbó Wo Arán



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, arákùnrin kan fi ìgò epo kékeré hàn mí ní Festac níbí. Wọ́n ní epo igbó ni, pé ó ń wo arán. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fún, nítorí ìyá ti ń kírun Alásárì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń gbàgbé orúkọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó kó wọ àdúgbò yìí lẹ́yìn àjọ̀dún 1977 ti darúgbó, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Èrò tèmi ni pé kí ó da epo náà nù.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Ọlọ́hun dá ètò kan sínú ara wa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní endocannabinoid. Ara fúnra rẹ̀ ló ń pèsè èròjà rẹ̀, ó sì ń bá wa tọ́jú oorun, ìrora àti ìrántí. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Bonn, ní Jámánì, fún àwọn eku ní ìwọ̀nba THC, èyí tó ń pani nínú igbó. Ìrántí àwọn eku arúgbó sunwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n ti àwọn ọ̀dọ́ eku burú sí i. Eku ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìyá wa. Ta ló sì wọn èyí tó wà nínú ìgò? Ó lè mú òòyì kọ́ arúgbó, kí ó ṣubú, kí ọkàn rẹ̀ túbọ̀ dàrú. Ẹ̀sìn wa pàápàá kọ ohun tó ń pani.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìbàdàn. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà Ìdìkan wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Èsì 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti pé ọdún 65, bíi 14 ni arán ń mú lọ́dọọdún n'Íbàdàn, bíi 32 ní Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn tó ti àwọn tọ̀hún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí wa máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí bí wọ́n bá lè rìn. Ìdárayá ń mú kí ara pèsè èròjà tirẹ̀. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bí ìgbàgbé bá bẹ̀rẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì pè wọ́n ní àjẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọjọ́ ogbó wọn. Àmín.