Oúnjẹ "Ọmọdé" Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ṣara Lóore: Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀ Gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ikùn àwọn ọmọ wa ni. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti dé, ibi tí àwọn ọmọ ń fẹ́ kí á mú wọn lọ ni ilé oúnjẹ ìgbàlódé. Àwọn tó ni ilé oúnjẹ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n dì lọ́tọ̀ fún ọmọdé: adìẹ díndín kékeré, pòtétò díndín tàbí ìrẹsì, ohun mímu aládùn kan, nígbà mìíràn bàlúùnù tàbí ohun ìṣeré. Àwọn kan nínú wọn á ní ti ọmọdé yìí dára fún ara ju ti àgbà lọ. Àwọn tó ń ta indómì àti bísíkíìtì náà ń pariwo pé fítámì wà nínú tiwọn, pé ó ń mú ọmọ dàgbà. Ṣé òótọ́ ni? Lójú tiwa, díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó iye tí wọ́n ń tà á.

Nǹkan yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Gala ti wà láti 1962, ilé iṣẹ́ UAC ló ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Kàdúná lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà tí kò mọ igbe àwọn tó ń kiri rẹ̀. UAC yìí kan náà ló dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó ní 1986, tí ó sì tàn ká gbogbo Nàìjíríà. Ní 1988 ni Indomie wọlé láti Indonesia, nígbà tó sì yá wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lónìí a ti sọ gbogbo rẹ̀ di indómì, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é.

Òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọmọdé irú èyí pàápàá ti jà lórí rẹ̀. McDonald's ti Amẹ́ríkà, tí kò ní ilé ìtajà kankan ní Nàìjíríà, ló ń ta Happy Meal láti 1979: bọ́gà, pòtétò díndín, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, pẹ̀lú ohun ìṣeré nínú páálí. Nígbà tí àwọn dókítà àti àwọn òbí figbe ta nítorí àwọn ọmọ tó ń sanra jù, ìlú San Francisco ṣe òfin kan ní 2010. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun ìṣeré fa ọmọ mọ́ra àfi bí oúnjẹ náà kò bá kọjá 600 kálórì, tí èso àti ẹ̀fọ́ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní December 2011, kí ni McDonald's ṣe? Wọn kò fún ọmọ ní ohun ìṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí òbí san sẹ́ńtì mẹ́wàá lé e. Òfin dé, ọgbọ́n dé!

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rojọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́. Ní 2011 kan náà, ilé iṣẹ́ yìí kéde pé àwọn yóò máa fi èso ápù gígé sínú Happy Meal, àwọn yóò sì dín pòtétò díndín rẹ̀ kù. Ní 2018, wọ́n yọ bọ́gà oníwàràkàṣì kúrò lára àwọn tí wọ́n kọ sórí pátákó fún ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa béèrè. Ìyẹn sàn ju ti àtijọ́ lọ. Àmọ́ ohun tó sàn ju ti àná lè máà tíì dára síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rí wa mú. Bí wọ́n bá ní ó "dára jù", ẹ béèrè pé ó dára ju kí ni? Bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ àgbà tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, kò sí ohun tí kò lè dára jù ú lọ. Ti ọmọdé kéré lójú abọ́, nítorí náà òróró àti iyọ̀ rẹ̀ á kéré. Ìwọ̀n ló yí padà, oúnjẹ kò yí padà.

Ní ti fítámì tí wọ́n ń kọ sára ọ̀rá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ mú ọ̀rá ṣúgà tí ilé iṣẹ́ dì fúnra rẹ̀, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àwòrán ojú kékeré kan. Àmì pé wọ́n ti fi fítámì A kún un nìyẹn. Láti 2002 ni ìjọba Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa fi fítámì A sínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró, nítorí àwọn ọmọ tí ojú wọn ń bàjẹ́, tí àìsàn kékeré sì ń pa, nítorí àìsí fítámì yìí lára wọn. Òfin tó dára ni, a kò bú u. Iyọ̀ aláyódíìnì pẹ̀lú, láti nǹkan bí 1993, ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ gẹ̀gẹ̀.

Ẹ wá rò ó. Bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe indómì bá ní fítámì nítorí òfin, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì, bọ́ọ̀sì àti pọ̀ọ̀fù-pọ̀ọ̀fù ẹ̀bá títì náà ní in. Ṣúgà fúnra rẹ̀ ní in. Ta ni yóò wá sọ fún wa pé kí a máa bu ṣúgà fún ọmọ jẹ nítorí fítámì? Ohun tí wọ́n fi kún oúnjẹ kò yọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò. Iwájú ọ̀rá ni fítámì máa ń wà, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà àti àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ni iyọ̀ àti ṣúgà ń sápamọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà tí àwa tí ọjọ́ orí ti ń lọ kò lè rí láìlo awò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rá, wọn kì í sábà kọ iyọ̀. "Sodium" ni wọ́n ń kọ. Ẹ fi méjì àtààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó mọ iye iyọ̀ tó jẹ́. Bí ẹ bá rí 800 mg, iyọ̀ gíráàmù méjì nìyẹn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ láàárọ̀ dalẹ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, ti ọmọdé sì gbọdọ̀ kéré sí i. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kò gbọdọ̀ ju gíráàmù mẹ́ta lọ lójúmọ́. Bí ẹ bá wá se ọ̀rá méjì irú èyí fún ọmọ ọdún márùn-ún, tí ẹ da èròjà inú ọ̀rá kékeré méjèèjì sí i, gíráàmù mẹ́rin ti wọlé kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́. A kò tíì ka ọbẹ̀ alẹ́ o.

Ti ṣúgà náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun mímu tó bá ní gíráàmù mẹ́wàá ṣúgà nínú 100 ml, ìgò 50 cl rẹ̀ ní àádọ́ta gíráàmù, ìyẹn bíi ṣíbí tíì méjìlá. Ìyá wo ló máa ka ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú ife ọmọ rẹ̀? Ìjọba àpapọ̀ pàápàá mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Òfin ìnáwó 2021 fi náírà mẹ́wàá sórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn. Owó náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà.

Kì í ṣe indómì àti ẹlẹ́rìndòdò nìkan. Ní April 2024, Public Eye, àjọ kan ní Switzerland, gbé ìwádìí jáde lórí Cerelac ti Nestlé. Wọ́n rí ṣúgà àfikún tó gíráàmù 6.8 nínú ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ní èyí tí wọ́n rà ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣúgà àfikún nínú irú oúnjẹ ọmọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ń tà ní Switzerland níbi tó ti wá. Nestlé ní àwọn ń tẹ̀lé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn wá gan-an nìyẹn: òfin tiwa gbà á.

Ẹlòmíràn á ní, ebi ni ìṣòro wa ní Àríwá níbí, kì í ṣe ọ̀rá jíjẹ. Òótọ́ ni pé ebi wà. Ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, mẹ́tàdínlógójì ló rán, ìyẹn ni pé wọn kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Ní ìhà Ìwọ̀-oòrùn Àríwá tí Kàdúná wà, ó lé ní ìdajì. Àmọ́ ọmọ lè yó bámúbámú kó sì máa rán, bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun àti òróró nìkan ló ń yó, láìsí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀fọ́.

A kò ní bá àwọn tó ń fi gbogbo ẹ̀bi sórí ìyá ọmọ kẹ́gbẹ́. Ìyá tó gbọ́dọ̀ dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tí èédú wọ́n, tí gáàsì wọ́n, kí ni yóò ṣe? Indómì á jinná kí omi tó tutù lára ọmọ. Ẹ̀wà á gba wákàtí, owó ẹ̀wà fúnra rẹ̀ sì fò sókè ní 2024 débi pé àwọn kan gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣehàn náà sì wà níbẹ̀, ti àwa bàbá ló pọ̀ jù. Àwa la máa ń fẹ́ kí aládùúgbò rí ọ̀rá ilé oúnjẹ ńlá lọ́wọ́ ọmọ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tí a bá ti sè nílé ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Mọ́ínmọ́ín tí a ro kúùbù mẹ́rin sí, kunu tí ṣúgà rẹ̀ ń fa ètè, àkàrà tí a fi òróró ọjọ́ mẹ́ta dín, ìdájọ́ kan náà ló wà fún wọn. Èyí tó dára nínú oúnjẹ wa ni pé ọwọ́ wa ni ìdí rẹ̀ wà. A lè dín iyọ̀ kù. Indómì pàápàá, ẹni tó bá máa sè é lè da ìdajì èròjà rẹ̀ nù, kó fi ẹyin kan àti ewé tẹ̀tẹ̀ tàbí zogale sí i. Ẹni tó bá sì rẹ ẹ̀wà mọ́jú, èédú rẹ̀ á dínkù.

Ní ẹgbẹ́ wa, àbá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí a ra páálí oúnjẹ ọmọdé láti ilé oúnjẹ kan fún àríyá àwọn ọmọ ní May 27. A jíròrò rẹ̀, ohùn kò kọ́kọ́ ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n a ti fẹnu kò báyìí. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ni yóò se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, a ó fi ìrẹsì díẹ̀ àti adìẹ sí i kí àwọn ọmọ má bàa rojọ́, a ó sì pín máńgòrò, torí àsìkò rẹ̀ ni. Omi ni wọn yóò mu, àti zobo tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀. Bàlúùnù yóò wà. Ẹ̀wà la ṣì ń wá. Ẹni tó bá lè fi mudu kan tàbí méjì ràn wá lọ́wọ́, kó gbé e wá fún ìyálóde ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ àríyá tó wọlé, kí wọ́n lè ráyè ṣa á.